Kí Orúnkún Kọjú Síwájú

“Kàdírì, bá mi wò ó, ṣé gèlè mi tọ́?”

Kàdírì wà lórí òfì, ọ̀kọ̀ ń lọ, ọ̀kọ̀ ń bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbójú sókè wo ìyá rẹ̀. “Ó tọ́, Ìyá. Ṣùgbọ́n orúnkún yín ni wọ́n fẹ́ yà ní fọ́tò.”

“Mo gbọ́. Ṣé ẹni tó ń ya orúnkún kò lójú tó lè fi wo orí ni?”

Kàdírì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé ni, nínú àgbàlá àwọn ahunṣọ kan ní Ìsẹ́yìn, níbi tí òwú pupa àti òwú aláró ti na gbọọrọ láti ẹnu òfì dé ìdí òkúta tó fà á le. Àlájà Àwáwù, ìyá Kàdírì, ti wọ aṣọ etù tí ọmọ rẹ̀ hun fún un nígbà Iléyá. Ó ti de aago mọ́wọ́, ó ti lé tìróò, ó sì ti fi pákò fọ eyín wúrà rẹ̀ títí ó fi ń kọ mọ̀nà. Láti Mẹ́kà ló ti gbé eyín náà bọ̀. Láti ìgbà tó sì ti gbé e dé, kò tíì ya fọ́tò kan tí kò la ẹnu sílẹ̀ nínú rẹ̀, títí kan èyí tó yà níbi òkú àbúrò rẹ̀.

Orúnkún ló ń dùn ún. Dókítà Rótìmí ní ilé ìwòsàn ìjọba ló ní kó lọ ya ẹ́síréè. Ìyá àgbà náà gbọ́ pé inú egungun ni ẹ̀rọ náà ń wò, ó sì yé e dáadáa. Ohun tí kò gbà ni pé kí èèyàn dúró níwájú ohunkóhun tó ń ya àwòrán kó má múra. Inú egungun ni wọ́n ń wò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ló mọ ibi tí ojú ẹ̀rọ lè yà sí?

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹlòmíràn wà nínú ilé tó ń múra jù ú lọ.

Misturat, ọmọ Kàdírì, wà níwájú dígí nínú yàrá. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni. Nígbà tó wà ní kékeré, ẹsẹ̀ rẹ̀ tọ́ bí ti gbogbo ọmọ. Nígbà tó yá, bó ṣe ń ga ni orúnkún rẹ̀ ń fì sínú, títí tí wọ́n fi ń kan ara wọn bó bá ń rìn. Bó bá dúró tí orúnkún méjèèjì pàdé, adìyẹ lè gba àárín ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá kí ìyẹ́ rẹ̀ má kàn án. Kélẹ́ẹ̀gì ni wọ́n ń pè é nílé ìwé. Samsudeen, ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan tí Ọlọ́run fún lẹ́nu ṣùgbọ́n tí kò fún ní ìdádúró, kì í jẹ́ kó kọjá ní àlàáfíà.

“Orúnkún, ẹ kú àárọ̀ o!” á lọgun. “Ẹ̀yin ará ibí, ẹ wá wo ìfẹ́! Orúnkún méjì yìí kì í jà láéláé. Gbogbo ìṣísẹ̀ ni wọ́n ń kí ara wọn!”

Misturat á rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ò kàn. Bó bá délé, á wọ yàrá, á fi róòbù pa orúnkún, nítorí pé yàtọ̀ sí yẹ̀yẹ́, ó ń dùn ún gan-an.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀, Beauty, ló kọ́ ọ ní ọgbọ́n fọ́tò. Beauty mọ fóònù bí àlùfáà ṣe mọ Kùránì. “Ẹni tó bá dúró gbagidi níwájú kámẹ́rà, fọ́tò ìdánwò ló ń yà,” ni Beauty máa ń wí. “Wò ó, gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú. Yí orúnkún ẹ sápá kan. Jẹ́ kó bo èyí tó wà lẹ́yìn. Ẹn-ẹ́n! Ta ló máa sọ pé kélẹ́ẹ̀gì lèyí?” Òtítọ́ ni. Nínú gbogbo fọ́tò Misturat, ẹsẹ̀ rẹ̀ tọ́ bí òpó. Bí ẹni tó mọ̀ ọ́n lórí fóònù nìkan bá pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà, á ní kó bá òun kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó lẹ́wà.

Ṣùgbọ́n fọ́tò ti òní yìí yàtọ̀. Dókítà Rótìmí ti jókòó ti Kàdírì, ó ti ṣàlàyé fún un.

“Bàbá Misturat, egungun ọmọ yìí ṣì ń gùn. Ilà tín-ín-rín kan wà lẹ́bàá orúnkún, ibẹ̀ ni egungun ti ń dàgbà. Apá inú ló ń yára ju apá ìta lọ, òun ló jẹ́ kí ẹsẹ̀ wọ́. Bí a bá fi irin pẹlẹbẹ kékeré kan há apá inú, á dúró de apá ìta títí tí wọ́n á fi dọ́gba. Ṣùgbọ́n bí ilà yẹn bá fi lè pa dé, irin ò lè ṣe nǹkan kan mọ́. Ayùn ni wọ́n á fi gé egungun.”

Kàdírì ti gbá àyà mú nígbà tó gbọ́ ayùn.

“Dókítà Ayọ̀tọ́lá ń bọ̀ láti Ìbàdàn,” dókítà náà ń bá ọ̀rọ̀ lọ. “Obìnrin náà mọ egungun ọmọdé bí ẹ ṣe mọ òwú. Ọ̀fẹ́ ló ń ṣe é fáwọn ọmọ Òkè-Ògùn, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ọmọ ló lè gbà. Fọ́tò tí a bá fi ránṣẹ́ sí i ló fi ń yan àwọn tó nílò rẹ̀ jù. Fọ́tò yẹn ló máa bá ọmọ yín sọ̀rọ̀.”

Gbogbo èyí ni Misturat gbọ́. Ó fẹ́ kí ẹsẹ̀ òun tọ́, ó fẹ́ ẹ ju kí òun yege ìdánwò lọ. Ṣùgbọ́n ohun tó dúró sí i lọ́kàn jù ni pé wọ́n á fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí Ìbàdàn lórí fóònù.

Ó ti sọ fún Beauty. Beauty sì ti mí kanlẹ̀. “Lórí fóònù kẹ̀? Fọ́tò tó bá ti wọ fóònù, ó ti wọ ayé nìyẹn. Misturat, rántí ohun tí mo kọ́ ẹ o.”

Kí àwọn ará Ìbàdàn, tí wọn ò rí i rí, wá jẹ́ pé orúnkún tó ń kí ara wọn ni wọ́n á kọ́kọ́ mọ̀? Rárá o. Bí ọmọdé bá ro irú èyí, kí àgbà má yára bú u. Àgbàlagbà wà tí dókítà bi bóyá ó ń mu sìgá, tó ní òun ò fẹnu kàn án rí, tí páálí sìgá sì ń yọjú ní àpò ẹ̀wù rẹ̀.

Kẹ̀kẹ́ Màrúwá ló gbé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dé ilé ìwòsàn. Ìyá Misturat wà ní Ṣakí níbi tó ti ń ra èlùbọ́. Kàdírì jókòó síta. Àwọn méjèèjì tó fẹ́ ya fọ́tò wọlé, ẹwà ń tẹ̀lé ẹwà.

Ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń jẹ́ Ìbùkún ló ń ya ẹ́síréè níbẹ̀. Kò tíì pẹ́ tó dé ẹnu iṣẹ́. Ohùn rẹ̀ tutù, ojú rẹ̀ sì mú.

“Àlájà, ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú ìró, ẹ bọ́ aago, kí ẹ wọ ẹ̀wù yìí.”

“Ọwọ́ ni aago wà, ọmọ mi. Ṣé ọwọ́ lo fẹ́ yà ni?”

“Rárá mà, orúnkún ni.”

“Ṣé aago máa ń rìn dé orúnkún?”

Ìbùkún na ẹ̀wù náà sí i. “Ẹ jẹ́ kí aago wà níbẹ̀, mà. Ẹ ṣáà tú ìró.”

Àlájà kọ́kọ́ dúró, ó kẹ̀yìn sí pátákó dúdú kan. Ìbùkún ní kó jẹ́ kí ẹsẹ̀ méjèèjì gbé e bákan náà. Àlájà la ẹnu, eyín wúrà yọ.

“Mà, a ò nílò ẹ̀rín fún èyí o.”

“Ta ló ń rẹ́rìn-ín? Bí ojú mi ṣe rí nìyẹn.”

Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ní kó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lórí tábìlì. Ìbùkún ká orúnkún rẹ̀ díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ jókòó tó wá yí ọkàn padà, ó fi fóòmù kékeré gbé ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè. Bó ṣe sùn yẹn náà, Àlájà ń na ọrùn sókè kí eyín lè kọjú sí ẹ̀rọ. Ìbùkún bọ́ sẹ́yìn gíláàsì, ó tẹ bọ́tìnnì, ó sì parí. Ó ti rí oríṣiríṣi, ṣùgbọ́n ó jọ pé kò tíì rí orúnkún tó ní eyín rí.

Ó wá kan Misturat.

Ìbùkún mú un dúró ní ìdí pátákó náà, ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò méjèèjì di egungun róbótó tó wà lórí orúnkún rẹ̀ mú.

“Àbúrò mi, ojú orúnkún nìyí. Kí ojú méjèèjì kọjú síwájú, kí wọ́n máa wò mí. Má wo ibi tí ìka ẹsẹ̀ ń lọ. Bí ẹsẹ̀ bá ní òun fẹ́ yà sọ́tọ̀, jẹ́ kó yà.”

Ẹsẹ̀ Misturat yà sọ́tọ̀. Ó wolẹ̀, ó rí àyè gbàǹgbà tó wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Adìyẹ kọ́, tòlótòló lè gba ibẹ̀ kọjá.

“Báyìí ni kí n dúró, Àǹtí?”

“Báyìí gan-an. Má mira rárá. Bí orúnkún bá yí pẹ́rẹ́, egungun tó wọ́ á jọ èyí tó tọ́, dókítà ò sì ní lè wọ̀n ọ́n.”

Ìkìlọ̀ ni Ìbùkún ṣe. Etí Misturat gbọ́ ọ bí ìmọ̀ràn.

Bí Ìbùkún ṣe dé ẹ̀yìn gíláàsì, tó gbé ọwọ́ lé bọ́tìnnì, ilẹ̀kùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣí díẹ̀, gèlè Àlájà yọjú.

“Ọmọ mi, ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀. Mo rò pé mo pajú dé nínú ìkejì yẹn. Ṣé o ò ní tún un yà?”

“Àlájà! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà síta, mà, ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́!”

Ìgbà tí Ìbùkún yíjú sí ilẹ̀kùn yẹn ni Misturat ṣe ohun tí Beauty kọ́ ọ. Orúnkún ọ̀tún yí sápá kan, ó bọ́ síwájú èkejì. Ó gbé àyà sókè. Ilẹ̀kùn padé, Ìbùkún tẹ bọ́tìnnì, ẹ̀rọ dún.

Àwòrán yọ lójú kọ̀ǹpútà. Ìbùkún tẹ̀ ẹ́ wò, ó fa ojú ro.

“Orúnkún ọ̀tún yìí dà bí ẹni pé ó yí. Misturat, ṣé o mira?”

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti lè tán nìyẹn. “Bẹ́ẹ̀ ni” lásán ló kù. Misturat wo àwòrán náà láti ọ̀ọ́kán. Egungun rẹ̀ dúró níbẹ̀ funfun, ó gùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ́. Kò rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí láìjẹ́ pé Beauty ló yà á.

“Rárá, mà.”

“Ṣé ó dá ẹ lójú?”

“Bí ẹ ṣe fi mí sí ni mo dúró.”

Ìtànṣán ẹ̀rọ yẹn kì í ṣe ohun tí èèyàn ń tàn sára ọmọdé lẹ́ẹ̀mejì láìnídìí. Ọmọ náà sì wò ó lójú nígbà tó ń dáhùn. Ó gba ọmọ gbọ́. Wọ́n fi fọ́tò ránṣẹ́ sí Ìbàdàn.

Ní Ọjọ́rú, wọ́n pè wọ́n padà wá gbọ́ èsì. Kàdírì wọ agbádá. Misturat jókòó ní yàrá Dókítà Rótìmí, ìdùnnú kún inú rẹ̀. Ìbùkún wọlé, ó gbé àwòrán orúnkún Àlájà wá nínú àpò ìwé ńlá. Bó ṣe fẹ́ jáde ni fóònù Dókítà Rótìmí dún. Dókítà Ayọ̀tọ́lá ló pè. Dókítà Rótìmí gbé e síta kí gbogbo wọn lè gbọ́.

“Mo ti yan àwọn ọmọ tán,” ni ohùn náà wí. “Ṣùgbọ́n Misturat Kàdírì yìí, kí ni kí n ṣe sí i? Ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ́ ju tèmi lọ.”

Kàdírì dìde dúró. “Dókítà, ẹsẹ̀ ọmọ mi kọ́ nìyẹn o! Ẹsẹ̀ ọmọ mi wọ́!” Ó lè jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí bàbá kan á fi irú ohùn bẹ́ẹ̀ jà fún wíwọ́ ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀.

“Bí ó bá wọ́, ẹni tó yà á ò gbé e sípò. Orúnkún yí, mi ò lè wọn nǹkan kan níbẹ̀. Rótìmí, sọ fún ẹni yẹn kó padà lọ kọ́ṣẹ́. Iṣẹ́ jákujàku báyìí ló ń gba àyè lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ó mà ṣe o, àyè ti kún.”

Fóònù dákẹ́.

Ìbùkún ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. “Mo gbé e sípò, sà,” ó wí. “Mo rí i pé ó fẹ́ yí, mo bi í, ó ní òun ò mira.” Ó yíjú sí Misturat. Ojú ìbínú kọ́ ló fi wò ó. Ojú ẹni tó ń bi ara rẹ̀ léèrè ni. “Bóyá èmi ni mi ò gbé e dáadáa. Ẹ má bínú, Bàbá Misturat.”

Ó jáde. Misturat wo ilẹ̀.

Nílé, Kàdírì bọ́ agbádá, kò jẹun, ó lọ jókòó sórí òfì. Bí inú rẹ̀ bá bà jẹ́, aṣọ híhun ló máa ń fi tù ú. Misturat jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá àgbà wà lórí ẹní lábẹ́ igi máńgòrò, ó gbé àwòrán orúnkún rẹ̀ sí oòrùn, ó ń wá eyín.

Òwú kan já. Kàdírì dá ọ̀kọ̀ dúró, ó wá orí rẹ̀ méjèèjì rí láàárín ọgọ́rọ̀ọ̀rún òwú, ó so wọ́n, ó fi ẹnu gé èyí tó ṣẹ́kù.

“Bàbá, òwú kan ṣoṣo ni,” Misturat wí. “Bí ẹ bá hun ún mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀, ta ló máa rí i?”

“Lónìí, kò sẹ́ni tó máa rí i. Ṣùgbọ́n ahunṣọ tó bá hun òwú tó já mọ́lẹ̀, ẹni tó ra aṣọ ló máa bá a pàdé, lọ́jọ́ tó bá wọ̀ ọ́ jáde.” Ó rántí nǹkan, ó mi orí. “Àánú ọmọbìnrin tó yà ẹ́ yẹn ṣe mí. Ó lè padà jẹ́ òun ni wọ́n á dá lẹ́bi jù.”

Nígbà náà ni Misturat bú sẹ́kún.

“Bàbá, kì í ṣe òun. Èmi ni. Mo mira. Mo yí orúnkún mi bí Beauty ṣe kọ́ mi. Mi ò fẹ́ kí àwọn ará Ìbàdàn rí i. Ó bi mí, mo purọ́.”

Àlájà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó gbé àwòrán orúnkún rẹ̀ lélẹ̀.

“Àyìnkẹ́,” ó fi oríkì pè é, “o fẹ́ kí ẹsẹ̀ ẹ rẹwà nínú fọ́tò tí wọ́n fẹ́ fi mọ bó ṣe wọ́ tó?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá.”

“Wá jókòó níbí. Ọ̀dọ̀ mi lo ti jogún ẹ̀.” Ó fa ọmọ náà mọ́ra, ó fi etí ìró nu imú rẹ̀. “Dókítà bi mí pé ṣé mò ń lè ti orí ìjókòó dìde fúnra mi, mo ní mo ń lè fò. Láti ìjọba ìgbà wo ni mo ti ń fò? Àwa méjèèjì la ti purọ́ fún ẹni tó fẹ́ wò wá sàn. Kàdírì, má nà án o.”

“Ta ló fẹ́ nà án?” Kàdírì ti ń wá bàtà. “Misturat, nu ojú ẹ. Èmi kọ́ ló yẹ kó o wá sọ fún.”

Ìbùkún wà níbi iṣẹ́ nígbà tí wọ́n dé, ojú rẹ̀ wú. Misturat kúnlẹ̀ sílẹ̀ láàárín gbogbo èrò tó ń retí.

“Àǹtí, mo mira. Ìgbà tí Ìyá àgbà ṣílẹ̀kùn ni mo yí i. Ẹ gbé e sípò dáadáa. Ẹ dárí jì mí.”

Ìbùkún gbé ìwé ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. “Ṣé o mọ̀ pé mo ti ń ro bóyá kí n fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ kí n máa lọ ta ẹ̀pà?”

“Ẹ má ta ẹ̀pà, Àǹtí.”

Obìnrin kan láàárín èrò bú sẹ́rìn-ín, Ìbùkún náà ò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó fa ọmọ náà dìde. “Wọlé. Kí o tó wọlé, ṣé ìyá àgbà yín tẹ̀ lé yín wá?”

“Wọ́n wà nílé.”

“Alihamdulilai,” ni Ìbùkún wí, Kìrìsìtẹ́nì ni o.

Dókítà Rótìmí wá gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. “Nítorí kí àwọn ará Ìbàdàn má bàa rí i? Misturat, àwọn ará Ìbàdàn tó fẹ́ tún un ṣe?” Ó fọwọ́ sí i pé kí wọ́n tún un yà.

Misturat dúró. Pátákó tutù lẹ́yìn rẹ̀. Ojú orúnkún rẹ̀ méjèèjì kọjú síwájú, ẹsẹ̀ rẹ̀ yà gbàǹgbà. Kò sẹ́ni tó ṣílẹ̀kùn. Ó rí ara rẹ̀ ní ojú gíláàsì, ó fẹ́ yí i, gbogbo ara rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ pé kó yí i. Ó dúró gbagidi bí ẹni tó ń ya fọ́tò ìdánwò.

Nígbà tí àwòrán yọ, ẹsẹ̀ náà wọ́ bí ọ̀nà Ìgbẹ́tì. Ṣùgbọ́n lẹ́bàá orúnkún, ilà dúdú tín-ín-rín kan wà níbẹ̀.

“Kò tíì pa dé,” Dókítà Rótìmí wí, ó mí kanlẹ̀. “Ṣùgbọ́n ó ti ń dín.”

Wọ́n fi ránṣẹ́. Kò pẹ́ tí Dókítà Ayọ̀tọ́lá pè. “Ta ló ya èyí? Òun náà ni? Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́, ẹ ní mo tọrọ àforíjì. Iṣẹ́ tó dá ṣáká nìyí.” Ohùn náà wá rọlẹ̀. “Ṣùgbọ́n mo ti fi àyè tó kẹ́yìn fún ọmọ kan láti Ìpápò. Ọmọ náà dúró dáadáa nígbà tí wọ́n yà á. Mi ò lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó dúró de ìgbà tí mo bá tún ń bọ̀, lẹ́yìn ọyẹ́.”

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Ti Misturat ò lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀ kí òtítọ́ tó bá a, síbẹ̀ àyè ti lọ. Ọyẹ́ yẹn ló gùn jù láyé rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, inú rẹ̀ máa ń dùn bí síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bá ń kéré, pé òun ń ga. Ní báyìí, bó bá wọ̀ ọ́ tó rí i pé ó ti gòkè sí i, á bẹ̀rẹ̀ sí í ro ilà tín-ín-rín náà. Ẹ wo ayé: ọmọ tó ń gbàdúrà kí òun má ga!

Nígbà tí Dókítà Ayọ̀tọ́lá dé ní tòótọ́, Ìbùkún tún ya ẹsẹ̀ náà. Dókítà wo àwòrán náà pẹ́.

“Ó ṣì ku díẹ̀,” ó wí fún Misturat. “Ká ní ìgbà yẹn ni, ì bá tọ́ bí òpó. Ní báyìí, á tọ́ dé ibi tí kò ní dùn ẹ́ mọ́, tí wàá lè máa sáré. Kò ní tọ́ tán. Ṣé o gbà?”

“Mo gbà, mà.”

Wọ́n fi irin pẹlẹbẹ náà sí i. Ó kọ́kọ́ fi ọ̀pá rìn, lẹ́yìn náà ó rìn lásán. Ẹsẹ̀ náà ń tọ́ díẹ̀díẹ̀, bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ tí kò fẹ́ lọ ṣùgbọ́n tó ń lọ. Ó di ọjọ́ kan, ó kọjá níwájú Samsudeen.

“Orúnkún, ẹ kú àárọ̀ o!”

Misturat dúró. “Wọ́n ní kí n kí ẹ. Wọ́n ti jà, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ kí ara wọn mọ́.”

Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Samsudeen náà rẹ́rìn-ín, nítorí pé ẹni tó bá mọ yẹ̀yẹ́ ṣe máa ń mọ ìgbà tí wọ́n nà òun.

Ní pálọ̀ Kàdírì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò tí Àlájà yà nígbà tó ti Mẹ́kà dé, férémù méjì mìíràn wà níbẹ̀ báyìí. Àlájà ló ní kí wọ́n kọ́ àwòrán orúnkún òun sára ògiri. Ó ní orúnkún tó gbé òun yí Káàbà ká tó bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó wà nínú àpò ìwé. Nígbà tí wọ́n wá bi Misturat pé èwo ni kí wọ́n kọ́ nínú tirẹ̀, Beauty, tó wà níbẹ̀, ní kí wọ́n kọ́ ti àkọ́kọ́, èyí tí orúnkún yí, nítorí pé òun ló rẹwà jù.

“Rárá,” Misturat wí. “Èyí tó wọ́ ni. Òun ló bá mi sọ̀rọ̀.”

Ibẹ̀ ló wà títí di òní. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka ìtàn yìí, kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ má ṣoge. Ẹ dúró bó ṣe wù yín níwájú fóònù. Ṣùgbọ́n bó bá di iwájú ẹni tó fẹ́ wò yín sàn, olùkọ́ tó fẹ́ mọ ohun tí kò yé yín, tàbí òbí tó fẹ́ mọ ohun tó ń dùn yín, ẹ jẹ́ kí orúnkún kọjú síwájú. Ẹwà tí a fi bo àìsàn lójú oníṣègùn, àìsàn náà ló ń ṣe lóge. Irọ́ tí a sì pa láti gba ara wa là, orí aláìṣẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ já lé.

Bí àlejò bá wọlé, Àlájà Àwáwù á nàka sí ògiri, á la ẹnu kí eyín wúrà lè tàn.

“Èmi nìyẹn nígbà tí mo ti Mẹ́kà dé. Èyí tó tẹ̀ lé e, orúnkún mi ni. Èyí tó wọ́ yẹn, ti Àyìnkẹ́ ni, ọmọ tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń dúró.” Á wá rọ ohùn sílẹ̀, á sún mọ́ àlejò náà. “Ọmọbìnrin tó yà wá yẹn, ó mọṣẹ́ o. Ṣùgbọ́n mo rẹ́rìn-ín títí ní tèmi, kò sì gbé e jáde.”